Àpótí fún Kòkòrò Inú Olú Ara Igi: Àkọsílẹ̀ Kíkàn àti Àtúnṣe

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni àpótí tí a óò kó olú ara igi sí, tí kòkòrò inú rẹ̀ yóò fi máa fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde bọ́ sínú ìgò, láìjẹ́ pé a fọ́ olú náà sí wẹ́wẹ́. Ìdílé Ciidae la ń wá. Ọ̀bọ̀nbọ̀n kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kò gùn ju mm 1.5 sí mm 3 lọ. Inú olú líle tó yọ bíi pẹpẹ lára igi tó ti kú ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, ibẹ̀ náà ni ìdin wọn ti ń dàgbà. Bí olú Trametes versicolor tó ti gbẹ bá ní ihò roboto roboto lábẹ́, tí lẹ́búlẹ́bú sì ń dà sílẹ̀ lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ẹ ti dé ilé wọn.

Olú là ń kan àpótí yìí fún, kì í ṣe kòkòrò. Bí olú kò bá rin jù, tí kò gbẹ jù, tí kò sì bu, Ciidae kò nílò oúnjẹ mìíràn, kò nílò omi mímu, kò sì nílò olùtọ́jú. Ìgbà tí olú bá bàjẹ́ ni wàhálà dé. Yàtọ̀ sí èyí, ihò ni ká ṣọ́ra fún: àlàfo tó bá ti fẹ̀ ju ìdajì mm lọ, ẹnu-ọ̀nà ni lójú wọn.

Ohun tí a kó jọ

Àpótí ike lítà 5 kan, tí ọmọrí rẹ̀ há dáadáa. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè kí ẹ wo nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta tó wà níbẹ̀: 5 túmọ̀ sí pé ike PP (polypropylene) ni, òun la sì fẹ́. Ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ nípọn ju mm 2 lọ, a ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ìgò omi oníke mẹ́ta tí ọrùn wọn jẹ́ mm 28, irú èyí tí wọ́n fi ń ta omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, pẹ̀lú ìdérí wọn. Ọ̀kan a ó gé ọrùn rẹ̀, méjì yòókù ni ìgò ìkójọ. Bóòtù M2 méjì, gígùn mm 8, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn. Àwọ̀n náílọ́nì tí ojú rẹ̀ jẹ́ mm 0.2. Sáńpépà 120. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, ègé kan péré. Iyọ̀ ìsebẹ̀, abọ́ kékeré kan, páálí dúdú tàbí aṣọ dúdú, bébà funfun, àti òṣùwọ̀n tó lè ka gíráàmù kan.

Gọ́ọ̀mù kò sí nínú ohun tí a kó jọ, a mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Silicone àti gọ́ọ̀mù gbígbóná kì í di ara ike PP mú. Wọ́n á dà bí ẹni pé wọ́n ti lẹ̀ lónìí, bó bá pẹ́ díẹ̀ wọ́n á ṣí bí èèpo, abẹ́ ibi tó ṣí náà sì ni kòkòrò yóò gbà lọ. Gbogbo ìsopọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ yìí, yálà a fi bóòtù dè é, a lọ́ ọ mọ́ra, tàbí a fi iná yọ́ ọ pọ̀.

Ẹnu-ọ̀nà sí ìgò

Ẹ fi ayùn roboto lu ihò mm 28 sí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú nínú àpótí, ní agbedeméjì òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ fi igi ti ẹ̀yìn ibi tí ẹ ń lù, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa yí jẹ́jẹ́. Bó bá sáré jù, ike yóò yọ́, yóò wé mọ́ eyín ayùn, ihò náà yóò sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ gé ọrùn ìgò kan kúrò, kí ọ̀bẹ gba abẹ́ òrùka líle tó yí ọrùn náà ká gan-an. Èjìká ìgò kò gbọ́dọ̀ kù síbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi èjìká sílẹ̀ pé yóò ṣiṣẹ́ bí àrọ yóò rí i pé kòkòrò tó ń rìn lára ògiri àpótí á kàn máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kò ní rí ẹnu wọlé. Bí òrùka nìkan ló bá kù, ara ògiri ni wọ́n ti máa gùn ún, tí wọ́n á sì bọ́ sínú ọrùn. Ẹ fi sáńpépà ha inú ọrùn náà kó lè rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ, kí ẹ sì ha ògiri inú àpótí láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ihò ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ike dídán máa ń yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìdérí méjì. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn, kí ẹ lu ihò mm 10 gba àárín àwọn méjèèjì já. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ lu ihò bóòtù mm 2 méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn, kí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà tó mm 7.5 sí àárín ìdérí. Ẹ má fojú di ìwọ̀n yìí. Inú ẹnu ìgò kò fẹ̀ ju bíi mm 21 lọ; bí bóòtù bá lọ síta jù, orí rẹ̀ á bọ́ sórí etí ìgò, ìdérí kò sì ní wọlé dé ìdí. Bó bá súnmọ́ àárín jù, á dí ọ̀nà kòkòrò. Ẹ de bóòtù náà le.

Ọrùn tí ẹ gé yóò gba inú àpótí yọ síta, òrùka rẹ̀ yóò há sínú. Ẹ gé rọ́bà táyà sí òrùka kékeré, kí ẹ fi sáàárín òrùka ọrùn àti ògiri. Ẹ wá lọ́ ìdérí méjì náà mọ́ ọn láti ìta. Kí ẹ tó lọ́ ọ, ẹ yọ òrùka ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń ṣẹ́kù sí ọrùn ìgò nígbà tí a bá kọ́kọ́ ṣí i, nítorí àyè tó wà níbẹ̀ ni ògiri àpótí yóò gbà. Ògiri tó nípọn ju mm 2 lọ pẹ̀lú rọ́bà lórí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdérí rí ojú ọ̀nà lọ́. Ìgò ìkójọ yóò wá wọ ìdérí ti ìta. Ohun tó dùn jù nínú ètò yìí nìyẹn: bí ìgò bá kún, lọ́ èyí kúrò, lọ́ òmíràn sí i, kòkòrò kankan kò ní ráyè sá.

Afẹ́fẹ́

Ẹ lu ihò mm 40 méjì sí ọmọrí, kí ẹ sì fi àwọ̀n mm 0.2 bò ó. Àwọ̀n ẹ̀fọn kò wúlò níhìn-ín. Ojú rẹ̀ máa ń ju mm 1 lọ, bẹ́ẹ̀ Ciidae tó gùn tó mm 1.5 lè má fẹ̀ ju ìdajì ìyẹn lọ.

Iná la fi ń lẹ àwọ̀n yìí. Ike PP máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 160 °C, náílọ́nì sì máa ń dúró kọjá 200 °C. Nítorí náà, bí irin ìjóòjé tó ṣeé yí ìgbóná rẹ̀ bá wà ní 190 °C, tí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ àwọ̀n mọ́ ọmọrí yí ká, ike á yọ́, á gba ojú àwọ̀n wọlé, á sì dì mọ́ ọn bó bá tutù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é nítorí èéfín. Bí àwọ̀n bá ń súnkì tàbí tó ń lu, irin ti gbóná jù.

Àyẹ̀wò tí kò ṣeé fò: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e sínú àpótí, ẹ dé e, kí ẹ sì pa iná yàrá. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ láìjẹ́ ojú àwọ̀n tàbí ẹnu ìgò, ibẹ̀ ni kòkòrò yóò gbà jáde. Etí ọmọrí ló máa ń jẹ̀bi jù. Téèpù tí a lẹ̀ yíká láti ìta ti tó. Fóòmù kò dára níbẹ̀, wọ́n máa ń há sínú rẹ̀ kú.

Ọ̀rinrin

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Àwọn tó ń fi omi wọ́n olú lójoojúmọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí olú wọn ń bu. Ciidae máa ń fara da olú gbígbẹ. Púpọ̀ nínú wọn, olú tó ti kú ni wọ́n fẹ́. Ohun tó yẹ ni kí afẹ́fẹ́ inú àpótí dúró sójú kan, iyọ̀ ló sì ń ṣe ìyẹn láìsí ẹ̀rọ. Ẹ da 60 gíráàmù iyọ̀ ìsebẹ̀ sínú abọ́, kí ẹ fi omi 100 ml pò ó. Omi yẹn kò lè yọ́ ju bíi 36 gíráàmù lọ, ìyókù yóò sùn sísàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa sùn síbẹ̀ nígbà gbogbo. Omi iyọ̀ tó bá kún rẹ́rẹ́ báyìí máa ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ inú ibi tí a dé pa lọ sí nǹkan bíi 75% ní ìwọ̀n otútù yàrá. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi iyọ̀ á fà á mu. Bó bá lọ sílẹ̀, omi rẹ̀ á fẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Ní 75%, èbu aláwọ̀ ewé tó máa ń jẹ olú kì í rọ́nà hù. Bí ẹ bá fẹ́ kó ga díẹ̀ sí i, potassium chloride máa ń dúró ní nǹkan bíi 85%.

Ẹ fi àwọ̀n bo ojú abọ́ náà kí kòkòrò má baà kó sínú omi. Ihò inú ọmọrí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé, nítorí náà ẹ̀rọ ìwọ̀n-ọ̀rinrin lè fi 70 tàbí 78 hàn. Ìyẹn kò léwu. Bó bá ṣubú sí 60, ẹ fi téèpù dí ìdajì ihò kan. Bí ẹ bá rí i pé iyọ̀ ti ń gun etí abọ́ jáde, tí ó ń funfun lára ike, kò bàjẹ́ o, àmọ́ ẹ nù ún kó má baà kan olú.

Kíkó olú wọlé

Irú olú kan ṣoṣo nínú àpótí kan. Kòkòrò tó ń gbé inú Trametes yàtọ̀ sí tinú Ganoderma lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá kó wọn pọ̀ kò ní mọ èyí tó ti ibì kan jáde mọ́, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti di asán nìyẹn. Nínú Trametes versicolor nílẹ̀ Yúróòpù, Cis boleti àti Octotemnus glabriculus ni a sábà máa ń bá. Olú Fomes fomentarius ní tirẹ̀ ni ilé Bolitophagus reticulatus, tí kì í ṣe Ciidae rárá, tó sì tóbi jù wọ́n lọ dáadáa.

Lára igi kan, ẹ má gé ju ìdá mẹ́ta olú tó wà níbẹ̀ lọ, kí ẹ sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni igbó. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí. Nínú ọ̀rá, yóò làágùn kó tó délé. Ẹ wọn olú kí ẹ tó kó o sínú àpótí, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀, irú igi tó wà lára rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gé e sára àpótí náà, kì í ṣe sára ọmọrí. Ọmọrí máa ń pààrọ̀ ara wọn.

Olú kò gbọ́dọ̀ gba ju ìdá mẹ́ta inú àpótí lọ. Ẹ tẹ́ bébà funfun sísàlẹ̀, kí ẹ gbé àwọ̀n ike líle lé e lórí ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan sókè, orí àwọ̀n yẹn ni olú yóò jókòó sí. Bébà yìí ni ẹlẹ́rìí yín. Ìgbẹ́ àti lẹ́búlẹ́bú tí kòkòrò ń gbẹ́ jáde máa ń dà sórí rẹ̀, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá mọ́ tónítóní lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra, kò sí ohun tó ń jẹun lókè mọ́.

Ẹ fi páálí dúdú bo gbogbo àpótí, ìgò ìkójọ nìkan ni kó wà nínú ìmọ́lẹ̀, kí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ká wà nínú rẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti lè ràn sí i tààrà. Bí oòrùn bá wọ àpótí dúdú, sísè ló ń sè wọ́n. 20 sí 25 °C ló dára.

Ohun tó máa ń bàjẹ́, àti ìdí rẹ̀

Kòkòrò kò wọ ìgò, bẹ́ẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ń dà. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ciidae lè máa bí ọmọ bí ọmọ-ọmọ nínú olú kan náà títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Àwọn tó fẹ́ ṣí lọ síbòmíràn nìkan ló ń wá ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àwọn tó jókòó sílé, ẹ gbọn olú sórí asẹ́ ojú mm 2 tí bébà funfun wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe bí òkú, wọ́n á kó ẹsẹ̀ mọ́ra; lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí méjì ni ẹ máa tó rí ohun tó dà bí ègé lẹ́búlẹ́bú tó dìde tó ń rìn.

Àwọn kan á ní kí a lo àrọ tí gílóòbù wà lórí rẹ̀, kí ooru lé wọn jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ewé jíjẹrà, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún olú líle. Ìdin tó wà ní àárín rẹ̀ kò lè tètè rìn jáde, gbígbẹ ni wọ́n ń gbẹ síbẹ̀. Gílóòbù LED kò tiẹ̀ gbóná tó láti lé ohunkóhun.

Omi ń sẹ̀ sára ìgò ìkójọ. Olú rin nígbà tí ẹ kó o wọlé. Ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sínú àpò bébà fún ọjọ́ méjì, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó dá a padà. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó tóbi tó orí ìṣáná lè rì Ciidae mẹ́wàá.

Èbu aláwọ̀ ewé yọ lójú olú. Ẹ yọ olú tó bu nìkan kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá èyí tó kàn án, kí ẹ wo abọ́ iyọ̀ bóyá iyọ̀ ìsàlẹ̀ ti yọ́ tán. Bó bá ti yọ́ tán, ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà: ẹ fi iyọ̀ kún un.

Máìtì, ẹbí eégbọn tí kò ju eruku lọ, bo olú tàbí gun kòkòrò lẹ́yìn. Wọ́n lè gba ojú àwọ̀n mm 0.2 kọjá, nítorí náà ẹ gbé àpótí ka orí bíríkì kékeré nínú tírè tí omi ọṣẹ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má baà ti àpótí kan rìn lọ sí èkejì. Ẹ má fi olú sí firísà nítorí máìtì. Ìdin tí ẹ ń tọ́ á bá a lọ.

Èèrà nínú ìgò. Ẹ fi awò wò ó dáadáa kí ẹ tó dà á nù. Agbọ́n kéékèèké ìdílé Bethylidae, bíi Cephalonomia formiciformis, máa ń jẹ Ciidae láàyè, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì ní ìyẹ́, èyí ló ń mú kí wọ́n jọ èèrà. Ẹ tọ́jú wọn pẹ̀lú àmì àpótí kan náà. Ohun tí ẹlòmíràn ń dà nù yìí níye lórí ju kòkòrò tí ẹ ń wá lọ nígbà mìíràn.

Wíwo ohun tó jáde

Inú ethanol (ọtí líle tí a fi ń tọ́jú òkú kòkòrò) 70% ni kí wọ́n wà bí ìrísí nìkan lẹ fẹ́ wò, 95% bí ẹ bá ní DNA lọ́kàn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tútù gbé wọn, ẹ̀mú máa ń fọ́ wọn. Bí ẹ bá wò ó ní ìlọ́po 40, ẹ ka oríkèé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ciidae ní mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mycetophagidae onírun lára náà ní mẹ́rin, àfi akọ wọn tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ní mẹ́ta. Ìdílé Tenebrionidae, tí Bolitophagus wà nínú rẹ̀, ní márùn-ún, márùn-ún, mẹ́rin. Kíkà yìí nìkan ti tó láti pín ohun tó wà nínú ìgò sí ọ̀nà mẹ́ta kí ẹ tó ṣí ìwé kankan. Nínú ọ̀pọ̀ Ciidae, akọ máa ń ní ìwo kékeré tàbí etí tó gbé sókè níwájú orí tàbí níwájú ẹ̀yìn, abo kì í ní. Ẹ má pè wọ́n ní ẹ̀yà méjì.

Àwọn tó wà nínú ihò wẹ́wẹ́ abẹ́ olú kò sí nínú ètò àpótí yìí. Ìdílé Ptiliidae ni wọ́n, nínú wọn sì ni Scydosella musawasensis wà, èyí tí wọ́n wọ̀n ní ọdún 2015 láti ara olú kan ní Kòlóńbíà tí ó sì jẹ́ mm 0.325 péré. Àwọ̀n wa kò lè dá irú rẹ̀ dúró. Abẹ́ awò ni wọ́n ti ń fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì tútù mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àpótí kejì, fún olú rírọ̀

Olú rírọ̀ bíi Pleurotus ní kòkòrò tirẹ̀, bíi Triplax ti ìdílé Erotylidae, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ fún un. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni yóò ti di omi. Ìdin wọn yára jẹun, wọ́n sì ń wọ inú ilẹ̀ láti sọra dà. Nítorí náà, ẹ yọ àwọ̀n ike àti bébà. Ẹ da omi 70 ml sínú abọ́, ẹ wá máa wọ́n ìyẹ̀fun POP (èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé) 100 gíráàmù tí a ti pò mọ́ 10 gíráàmù èédú lílọ̀ sínú omi náà, kì í ṣe omi sínú POP, kí kókó má baà wà nínú rẹ̀. Ẹ dà á sísàlẹ̀ àpótí kó tó sẹ̀ǹtímítà kan. Àpótí tó bá fẹ̀ yóò gbà ju ìwọ̀n yìí lọ. Ẹ má da ìyókù sínú ihò ìdaminù, á dì síbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti gan, ẹ kó iyanrìn tó rin díẹ̀ lé e ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, kí olú wà lórí abọ́ tí ẹ ti lu ihò sí nídìí, kí omi rẹ̀ má baà ro sínú iyanrìn. Eṣinṣin ni yóò kọ́kọ́ jáde, lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ yọ olú tó ti jẹrà kúrò, ẹ má fọwọ́ kan iyanrìn, ẹ máa wọ́n omi díẹ̀ sí POP láti ẹ̀gbẹ́ bó bá ti ń funfun.

Nígbà tí olú bá tán

Olú tó ti di lẹ́búlẹ́bú kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú àpótí lọ sórí ààtàn lọ́wọ́ kan. Bí wọ́n bá kó olú náà wá láti ọ̀nà jíjìn, ìdin tó ṣẹ́kù lè di àlejò tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Wọn kò tún gbọ́dọ̀ gbé e sítòsí ibi tí wọ́n ń tọ́jú olú gbígbẹ tí ènìyàn ń jẹ tàbí tí a fi ń ṣe oògùn: Cis chinensis ti sọ ara rẹ̀ di ajẹnirun nínú Ganoderma lucidum tí wọ́n kó pa mọ́. Ẹ di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ fi sí firísà ní −18 °C fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó dà á nù. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àpótí, ẹ tú ìdérí méjì náà kúrò lára ògiri, kí ẹ sì fọ abẹ́ rọ́bà táyà. Ibẹ̀ ni máìtì máa ń sá pamọ́ sí de olú tó ń bọ̀.